Kí Ẹ Tó Gbé Owó Ilẹ̀ fún Lọ́yà l'Ékòó: Òǹtẹ̀, Àkáǹtì àti Adójútòfò Rẹ̀

Ewu méjì ló wà nídìí iṣẹ́ ìwé ilẹ̀, wọn kò sì jọra. Èkíní ni kí lọ́yà ṣàṣìṣe: kó má dé Aláùsá, níbi tí réjísìrì ilẹ̀ ìjọba Èkó wà, rárá kó tó sọ pé ìwé mọ́, kó gba ìbuwọ́lù ọmọ ẹbí tí kò lẹ́tọ̀ọ́, kó fi ìyọ̀ǹda Gómìnà falẹ̀ títí ẹni tó ta ilé fi kú. Èkejì ni kó kó owó jẹ. Adójútòfò, tí gbogbo wa ń pè ní ínṣọ́ránsì, lè san gbèsè àṣìṣe. Kì í san gbèsè olè. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ilé ni kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀. Wọ́n á gbọ́ pé lọ́yà "ní ínṣọ́ránsì", ọkàn wọn á balẹ̀, wọ́n á sì da gbogbo owó ilé sínú àkáǹtì tí ọkùnrin náà fi ń ra epo mọ́tò.

Ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́yà ní ohun tó ń dáàbò bò, ọ̀nà tí owó ń gbà ní tirẹ̀, adójútòfò náà sì ní tirẹ̀. A ó mú wọn bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ léra nígbà tí ènìyàn bá ń rajà, yálà ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni tàbí pulọ́ọ̀tì ní Ìkòròdú.

Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìwé ilẹ̀?

Òfin tó ń darí iṣẹ́ lọ́yà, Legal Practitioners Act, sọ ní abala 22 pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà gba owó láti kọ ìwé tó jẹ mọ́ ilẹ̀ tàbí ilé. Ajẹ́ńtì kò lè kọ ọ́. Sọ́fẹ́yọ̀ kò lè kọ ọ́. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, tó ní deed, ìyẹn ìwé tó ń fi ilé tàbí ilẹ̀ lé ẹni tó rà á lọ́wọ́, tó ti tẹ̀ sílẹ̀ tó kù kó kàn pààrọ̀ orúkọ, kò lè kọ ọ́, bó ti wù kó mọwọ́ rẹ̀ tó. Yàtọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ tó wà níbẹ̀, ìwé tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ kò ní ẹni tí yóò dúró fún un. Kò sí ẹgbẹ́ tí ẹ lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn, kò sì sí ilé iṣẹ́ adójútòfò tó mọ orúkọ rẹ̀.

Àwọn ará wa tó ti ra ilé ní London máa ń béèrè conveyancer, ìyẹn ẹni tó ń ṣe ìwé ilé àti ilẹ̀, nígbà tí wọ́n bá dé Èkó. Ní England, licensed conveyancer jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ sí ti solicitor. Council for Licensed Conveyancers ló ń darí wọn, ó sì pọn ọ́n ní dandan kí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ní adójútòfò tó tó mílíọ̀nù 2 pọ́n-ùn, ó kéré tán, lórí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan. Níbí, lọ́yà nìkan ló wà fún iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin náà lẹ máa béèrè nípa adójútòfò fúnra yín.

Ẹ gba orúkọ lọ́yà ní kíkún bó ṣe wà nínú ìwé orúkọ àwọn lọ́yà ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, kì í ṣe orúkọ tí àdúgbò ń pè é. Ẹ gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ń kọ SCN síwájú rẹ̀. Ó máa ń wà lára òǹtẹ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, NBA, ń fún wọn. Ẹ mú méjèèjì lọ bá ẹ̀ka NBA tó súnmọ́ yín, torí NBA ní ẹ̀ka ní Erékùṣù Èkó, Ìkẹjà, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè rìsíìtì owó àṣẹ iṣẹ́ tí lọ́yà ń san lọ́dọọdún, ti ọdún náà. Lọ́yà gbọ́dọ̀ san án, ó pẹ́ jù, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta. Ẹni tí kò bá san án, ilé ẹjọ́ kò ní gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lọ́dún náà. Bó bá jẹ́ oṣù kẹfà lẹ ń ra ilé, rìsíìtì ọdún tó kọjá kì í ṣe ìdáhùn.

Òǹtẹ̀ ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 2015, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ NBA kò tìtorí ìyẹn kú; àléébù ni, wọ́n sì lè tún un ṣe. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni òǹtẹ̀ àyálò. Ẹni tó bá yín jókòó, tó gba owó iṣẹ́, tó kọ lẹ́tà sí yín, òun náà ni orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára òǹtẹ̀ àti nísàlẹ̀ deed níbi tí wọ́n ti ń kọ ẹni tó ṣe ìwé náà. Bí orúkọ bá yàtọ̀, ẹ béèrè ìdí, kí ẹ sì gba ìdáhùn lórí ìwé. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ọ́fíìsì nìkan síbẹ̀, "Báyìí-báyìí àti Àwọn Ẹlẹgbẹ́ Rẹ̀". Láti 2007 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti là á mọ́lẹ̀ pé orúkọ ọ́fíìsì kì í ṣe lọ́yà. Lórí ìwé tó ń lọ sílé ẹjọ́ ni wọ́n ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó bọ́gbọ́n mu lórí ìwé ilẹ̀ náà: ènìyàn ni wọ́n ń pè lẹ́jọ́ nínú ẹgbẹ́, kì í ṣe pátákó ara ògiri.

Àwọn yòókù tó máa ń wà nídìí ọjà ní ẹni tó ń mójú tó wọn. Sọ́fẹ́yọ̀ wà lábẹ́ SURCON, àwọn tó ń díye lé ilé wà lábẹ́ ESVARBON, ìjọba Èkó sì ní LASRERA fún àwọn ajẹ́ńtì àti ilé iṣẹ́ tó ń kọ́lé tà. Lọ́yà kò ní dúró fún àṣìṣe wọn, àyàfi bó bá jẹ́ òun ló mú wọn wá tó sì fọwọ́ sọ̀yà.

Lẹ́tà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú iṣẹ́

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìgba lẹ́tà tó sọ iṣẹ́ tí lọ́yà gbà. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ilé ẹjọ́ àti ilé iṣẹ́ adójútòfò máa béèrè ni: kí ni ẹ ní kó ṣe? Lọ́yà tí ẹ kàn ní "kó bá wa wo ìwé" lè sọ pé òun wò ó lóòótọ́, òun fi ojú òun wò ó nínú yàrá òun.

Ọ̀rọ̀ lọ́yà ẹbí nílò àkíyèsí. Abala 9 òfin iṣẹ́ lọ́yà sọ pé lọ́yà tó bá fi àìbìkítà ba iṣẹ́ jẹ́ yóò dáhùn fún un, àti pé gbólóhùn èyíkéyìí tó bá kọ sínú àdéhùn láti fi yọ ara rẹ̀ sílẹ̀ tàbí láti dín gbèsè náà kù, asán ni. Bí ẹ bá rí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà, kò ní ipá. Àmọ́ abala kan náà ní àyè kan: lọ́yà tí kò gba kọ́bọ̀, tí kò gba owó iṣẹ́ tàbí owó ìnáwó kankan, lè fi àdéhùn yọ ara rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ bùrọ̀dá yín tó jẹ́ lọ́yà bá ní "Mọ̀mí, ẹ má san nǹkan kan, mo máa bá yín ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́", ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì sanwó. Iye tó bá mọ níwọ̀n ni, kó gba báńkì kọjá, kó sì wà lórí rẹ̀ pé owó iṣẹ́ ìwé ilé ni. Ìfẹ́ kò ní dín kù.

Kí lẹ́tà náà dárúkọ àwọn ibi tó máa lọ wò. Níbí ni àṣìṣe tó pọ̀ jù ti ń wá, torí "mo ti ṣe search" kò sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é.

Fún ilẹ̀ tí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba Èkó, réjísìrì Aláùsá ni. Ṣùgbọ́n àwọn ilẹ̀ kan ní Ìkòyí, bíi Banana Island àti Osborne, ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ni ìwé wọn ti wá. Réjísìrì ìjọba àpapọ̀ ló ní fáìlì wọn. Ẹni tó bá wá ìwé Banana Island ní Aláùsá tí kò rí ẹ̀sùn kankan níbẹ̀, kò wá nǹkan kan. Sọ́fè, ìyẹn ìwé tí sọ́fẹ́yọ̀ fi wọn ilẹ̀ náà, gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláùsá, kí wọ́n fi àwọn nọ́ńbà igun ilẹ̀ náà sórí máàpù, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Sọ́fè dáadáa lórí ilẹ̀ ìjọba wà rẹpẹtẹ. Òǹtẹ̀ sọ́fẹ́yọ̀ ń sọ pé wíwọ̀n tọ́ ni, kò sọ pé ẹni tó ń tà á ló ni ín.

Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, kí lẹ́tà sọ pé lọ́yà máa wádìí ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí láti ojúlé kọ̀ọ̀kan. Òfin lórí èyí le, ó sì ti pẹ́: bí àwọn àgbà ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò sí rárá. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìsí àwọn àgbà, àwọn àgbà lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n sì fagi lé e. Tó bá jẹ́ ogún olóògbé, ìwé ìṣàkóso ogún láti ọ́fíìsì probate ni kó wò, kó sì rí i pé gbogbo orúkọ tó wà nínú rẹ̀ ló buwọ́ lùwé, kì í ṣe dáódù nìkan. Tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì ló ń tà, kó lọ wo CAC, àjọ tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, bóyá wọ́n ti fi ilé náà yáwó. Kó sì wá àkọsílẹ̀ ẹjọ́. Iná tó jó Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìgbóṣèrè ní oṣù kẹwàá 2020 kò jẹ́ kí èyí rọrùn fún ilé ní Erékùṣù Èkó, nítorí náà kó má dúró lórí fáìlì nìkan. Kó dé àdúgbò, kó bi àwọn ará ilé òdìkejì. Nígbà mìíràn, "ilé yìí kì í ṣe títà" tí wọ́n ti fi ọ̀dà pa rẹ́ lára ògiri ṣì máa ń hàn.

Ní ìparí gbogbo rẹ̀, ìròyìn lórí ìwé ni kó kọ fún yín, pẹ̀lú ọjọ́ tó lọ, ibi tó lọ, ohun tó rí, àti rìsíìtì ìjọba tó fi wá a. Ìròyìn orí fóònù kì í ṣe ìròyìn.

Kí lẹ́tà sọ pẹ̀lú ẹni tó máa gba ìyọ̀ǹda Gómìnà àti ẹni tó máa fi orúkọ sílẹ̀ ní réjísìrì. Abala 22 Land Use Act ti 1978 ló ní kí ẹnikẹ́ni má ta ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ láìsí ìyọ̀ǹda náà. Abala 26 ló sì ní ohun tí wọ́n ṣe láìsí rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. L'Ékòó, Form 1C ni wọ́n fi ń béèrè rẹ̀. Owó ìjọba tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2015 jẹ́ 3% iye tí wọ́n dá lé ilé náà: 1.5% fún ìyọ̀ǹda, 0.5% owó orí èrè, 0.5% owó òǹtẹ̀ ìjọba, 0.5% ìforúkọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ lọ́yà gbà pé iṣẹ́ àwọn parí lọ́jọ́ tí ẹ buwọ́ lu deed. Ọ̀pọ̀ olùrajà sì gbà pé ó kan lọ́yà títí dé ìparí. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, deed náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀. Gbólóhùn kan nínú lẹ́tà ló máa yanjú èyí.

Ohun kan kù níbí. Ilé iṣẹ́ tó ń ta ilẹ̀ lè ní lọ́yà tirẹ̀, kó sì ní kí ẹ san 5% fún un gẹ́gẹ́ bí owó ìwé. Ẹ lè san án bó bá wà lára àdéhùn ọjà náà, àmọ́ lọ́yà olùtajà ni, kì í ṣe tiyín. Òfin ìwà àwọn lọ́yà kò fẹ́ kí ènìyàn kan sin ọ̀gá méjì tí ire wọn tako ara wọn. Bí ẹ kò bá gba lọ́yà tiyín, ẹ ò ní ẹni tí ẹ lè sọ pé ojúṣe rẹ̀ ni láti ṣọ́ra fún ire yín.

Ibi tí owó máa gbà

Ọ̀nà tó dára jù ni kí owó ilé má dé ọwọ́ lọ́yà rárá. Kó lọ tààrà láti báńkì yín sí àkáǹtì ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ilé, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń buwọ́ lùwé, lójú gbogbo ènìyàn. Owó iṣẹ́ lọ́yà àti owó ìjọba nìkan ni kó gba ọ̀dọ̀ lọ́yà.

Nígbà mìíràn kò ṣe é ṣe. Olùtajà lè fẹ́ ìdánilójú, 10% àsansílẹ̀ ló sì wọ́pọ̀. Bí lọ́yà bá máa di owó náà mú, àkáǹtì oníbàárà ni kó wà. Òfin àkáǹtì àwọn lọ́yà ti wà láti 1964: àkáǹtì náà gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ "client" nínú orúkọ rẹ̀. Òfin ìwà wọn sì kà á léèwọ̀ kí lọ́yà da owó oníbàárà pọ̀ mọ́ tirẹ̀ tàbí kó ná an. Ẹ wo orúkọ tó jáde lórí fóònù kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ orúkọ òun àti ìyàwó rẹ̀, ẹ dúró. Bó bá ní "gbogbo rẹ̀ ọ̀kan náà ni", kì í ṣe ọ̀kan náà.

Kí ìwé sọ bó ṣe ń di owó náà mú. Bó bá jẹ́ alágbàtọ́ fún ìhà méjèèjì, kò lè fún olùtajà títí ọjà yóò fi parí. Bó bá jẹ́ aṣojú olùtajà, lójú òfin owó ti dé ọwọ́ olùtajà nìyẹn, ó sì lè gbé e fún un lọ́la. Gbólóhùn kan ló wà láàárín méjèèjì, gbólóhùn yẹn ló sì ń pinnu bóyá owó àsansílẹ̀ máa padà nígbà tí sọ́fè bá bọ́ sórí ilẹ̀ ìjọba.

Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Àkáǹtì oníbàárà kò dá báńkì dúró kó má wó. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 2024 ni báńkì àpapọ̀, CBN, gba ìwé àṣẹ Heritage Bank. Iye tí NDIC, àjọ adójútòfò owó inú báńkì, sì ń dáàbò bò fún ẹni tó fowó sí báńkì ńlá jẹ́ mílíọ̀nù 5 náírà láti ọdún náà. Owó ilé Súrùlérè kì í ṣe mílíọ̀nù 5.

Owó tútù nínú báàgì ńkọ́? Òfin 2022 tó ń gbógun ti fífi owó ẹ̀gbin ṣòwò kò gbà kí ènìyàn kan san tàbí gba ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ ní owó tútù, mílíọ̀nù 10 fún kọ́ńpìnnì. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba báńkì. Òfin kan náà ló mú kí lọ́yà tó mọṣẹ́ béèrè káàdì ìdánimọ̀ yín àti ibi tí owó ti wá. Kì í ṣe ìwọ̀sí. Èyí tí kò béèrè rẹ̀ ló yẹ kó ṣe yín ní kàyéfì.

Ní ti owó iṣẹ́, kí lọ́yà ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ sí ti ìjọba lórí ìwé. Kò lè pè yín lẹ́jọ́ fún owó iṣẹ́ àyàfi lẹ́yìn tó bá ti fún yín ní bílì tó buwọ́ lù tí oṣù kan sì ti kọjá lórí rẹ̀. Abala 16 ló sọ bẹ́ẹ̀.

Kíka ìwé adójútòfò

Ìjọba fi dandan lé adójútòfò mọ́tò, ti ilé tó ju àjà méjì lọ tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, àti ti ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀. Òǹtẹ̀ NBA kò sọ bóyá lọ́yà ní ti iṣẹ́ rẹ̀ tàbí kò ní. Orúkọ tí wọ́n ń pe irú rẹ̀ ni professional indemnity. Ẹ béèrè rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá ń bá a sọ owó iṣẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn. Bó bá ní òun kò ní in, ó lè ṣì jẹ́ lọ́yà tó dára, ẹ kàn ní láti mọ̀ pé àpò rẹ̀ nìkan ló wà lẹ́yìn àṣìṣe rẹ̀.

Bó bá ní in, ẹ má gba sátífíkéètì nìkan. Ojú ìwé tó ní iye owó àti déètì ni kí ẹ rí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Adójútòfò ọ́fíìsì tó ti kúrò níbẹ̀ kò tẹ̀ lé e wá sí ọ́fíìsì tuntun. Ẹ wo irú iṣẹ́ tí wọ́n kọ: bó bá jẹ́ ẹjọ́ kóòtù nìkan ló kọ fún wọn nígbà tó ń gbà á kí owó rẹ̀ lè dín kù, iṣẹ́ ilẹ̀ kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ tó dé ibi tí iye wà, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ẹ pẹ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ilé tí ẹ fẹ́ rà ní Súrùlérè jẹ́ mílíọ̀nù 180 náírà. Adójútòfò lọ́yà jẹ́ mílíọ̀nù 50, wọ́n sì kọ ọ́ pé iye náà ni fún gbogbo ọdún, kì í ṣe fún ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà mìíràn ti gba mílíọ̀nù 30 lọ́dún kan náà. Ó ku 20. Owó tí wọ́n fi gba lọ́yà fún lọ́yà náà wà nínú iye yẹn, ó sì jẹ́ mílíọ̀nù 5. Ó ku 15. Mílíọ̀nù 2 àkọ́kọ́, lọ́yà fúnra rẹ̀ ló máa dá a. Bí ilé yín bá lọ pátápátá, mílíọ̀nù 15 ló máa ti ọ̀dọ̀ adójútòfò wá, 2 láti àpò rẹ̀, 163 tó kù ẹ máa lépa rẹ̀ lára dúkìá rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ "mílíọ̀nù 50" kò ronú débẹ̀. Bí iye ilé bá ju ti adójútòfò lọ, lọ́yà lè ní kí alágbàtà adójútòfò wá àfikún fún iṣẹ́ yìí nìkan. Kò burú kí ẹ bá a dá nínú owó rẹ̀, nítorí ẹ̀yin ló ń bò.

Déètì ló tún ń mú ènìyàn. Ọ̀pọ̀ adójútòfò iṣẹ́ lọ́yà, ọdún tí ẹ̀sùn dé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọdún tí àṣìṣe ṣẹlẹ̀. Lọ́yà tó ṣiṣẹ́ yín ní 2021 tí ìjọba wá fi ọ̀dà pupa sàmì sílé yín ní 2025, adójútòfò 2025 ló máa gbọ́ ọ. Bí kò bá sanwó 2025, ti 2021 tó ní nígbà náà kò wúlò fún yín. Déètì kejì tún wà nínú ìwé náà, èyí tí wọ́n ń pè ní retroactive date: iṣẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ kò sí nínú ààbò. Lọ́yà tó bá pààrọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò lè pàdánù ọdún tó ti kọjá láìfura bí ilé iṣẹ́ tuntun bá fi ọjọ́ tó wọlé ṣe déètì náà. Èyí ló fà á tó fi yẹ kí lẹ́tà ìgbàṣẹ́ sọ pé yóò máa sọ ọ́ dọ̀tun fún ọdún 6 lẹ́yìn iṣẹ́ yín. Bó bá fẹ̀yìn tì tàbí tó kú, àwọn tó jogún ọ́fíìsì lè ra èyí tó ń bo iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá.

Ẹ ka àwọn ohun tí wọ́n yọ kúrò. Olè àti jìbìtì láti ọwọ́ lọ́yà fúnra rẹ̀ máa ń wà lára wọn, ìyẹn ni a ṣe kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó. Ohun tó ti mọ̀ kó tó gba adójútòfò, tí kò sọ, wà lára wọn. Ìtanràn wà lára wọn. Fún akọ̀wé ọ́fíìsì tó bá jalè, adójútòfò mìíràn lọ́tọ̀ ni, wọ́n ń pè é ní fidelity guarantee. Ọ́fíìsì tó ń di owó àwọn ènìyàn mú yẹ kó ní i.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bóyá ilé iṣẹ́ adójútòfò náà ní ìwé àṣẹ NAICOM, àjọ ìjọba tó ń darí iṣẹ́ adójútòfò. Ẹ wá nọ́ńbà fóònù wọn fúnra yín, ẹ má lo èyí tó wà lórí ìwé tí wọ́n fún yín. Ẹ béèrè bóyá ó ti sanwó. Ní Nàìjíríà kò sí adójútòfò àwìn: bí owó kò bá wọlé, ààbò kò bẹ̀rẹ̀, kódà bí ìwé bá dán bí ojú dígí.

Bí nǹkan bá yíwọ́

Ọjọ́ tí ẹ bá ti fura ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí lọ́yà, kí ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti iṣẹ́ tí ẹ gbé fún un, kí ẹ sì ní kó fi tó ilé iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ létí lójú ẹsẹ̀. Ẹ gba ìbuwọ́lù ẹni tó gbà á. Bí lọ́yà bá pẹ́ kó tó sọ, wọ́n lè kọ̀ láti san. Ẹ má sì fi ipá mú un kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun jẹ̀bi, torí ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò ló ń kà á léèwọ̀ kó gba ẹ̀bi láìbéèrè lọ́wọ́ wọn. Inú ènìyàn máa ń dùn sí irú ìwé ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì mọ̀ pé ó lè ti ilẹ̀kùn owó pa.

Ẹ gba fáìlì yín àti gbogbo ojúlówó ìwé. Ẹ lọ bá lọ́yà mìíràn tí kì í ṣe ará ọ́fíìsì kan náà. Ẹjọ́ àdéhùn l'Ékòó ní ọdún 6, ọjọ́ tí àdéhùn yẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ mọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní 2019 tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àléébù rẹ̀ ní 2025 lè ti bọ́ sẹ́yìn.

Bó bá jẹ́ pé lọ́yà kó owó ni, tàbí ó mọ̀ọ́mọ̀ ta yín nù, ẹ kọ ẹ̀sùn sí NBA pẹ̀lú ìwé ìbúra àti ẹ̀dà gbogbo ìwé: lẹ́tà ìgbàṣẹ́, rìsíìtì, àkọsílẹ̀ báńkì. Bí NBA bá rí i pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ó máa lọ sí Legal Practitioners Disciplinary Committee. Ìgbìmọ̀ yẹn lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn lọ́yà, ó lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, ó lè bá a wí, ó sì lè ní kó dá owó tàbí ìwé padà. Òfin Èkó ti 2016 lórí ààbò dúkìá, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí òfin ọmọ onílẹ̀, náà fàyè gba kí wọ́n fẹjọ́ oníṣẹ́ ìwé tó bá lọ́wọ́ sí ọjà tó lòdì sí òfin náà sun ẹgbẹ́ rẹ̀. Jíjí owó jẹ́ ọ̀ràn fún EFCC tàbí ọlọ́pàá, ẹ lè ṣe é pọ̀ mọ́ ti NBA.

Ìpinnu ìgbìmọ̀ náà lè pẹ́, torí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ni lọ́yà lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí tààrà. Ọdún 6 yẹn kò sì dúró dè é. Ẹ fi ẹjọ́ owó sí Ilé Ẹjọ́ Gíga nígbà tí ọ̀rọ̀ NBA bá ṣì ń lọ lọ́wọ́.